Orí Kẹrin: Ìlànà Ẹ̀ka Wo Ló Bá Iṣẹ́ Yín Mu?

Bí ẹni méjì bá ń kọ kóòdù kan náà, kì í pẹ́ tí ìbéèrè mẹ́ta fi ń jẹ yọ. Níbo ni kálukú yóò ti máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀? Ìgbà wo ni iṣẹ́ ọ̀hún yóò dà pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù? Ta ló láṣẹ láti sọ pé ó ti tó gbé fún àwọn tó ń lò ó? Ohun tí ẹgbẹ́ kan bá fẹnu kò lé lórí nípa ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo ń pè ní ìlànà ẹ̀ka.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í jókòó yàn án. Ẹni tó kọ́kọ́ dá ibi ìpamọ́ kóòdù sílẹ̀ á gbé èyí tó bá níbi iṣẹ́ tó ti kúrò wá, tàbí kó rí àwòrán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ní bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe é nìyí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀ka ti lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ló wà lọ́wọ́ oníbàárà, àtúnṣe kékeré tó yẹ kó jáde láàárín wákàtí kan sì ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí yín ló yẹ kó sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀: bí sọ́fítíwíà yín ṣe ń dé ọwọ́ àwọn tó ń lò ó ni kí ẹ fi yan ìlànà ẹ̀ka, ẹ má fi òkìkí ilé-iṣẹ́ kankan yàn án.

Yíya ẹ̀ka kò náni ní nǹkan kan, àdàpọ̀ ló lówó lórí

Oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git, lẹ́yìn tí àwọn tó ń kọ Linux pàdánù àǹfààní àtimáa lo BitKeeper, ohun èlò tí wọ́n fi ń tọ́jú kóòdù wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tí èèyàn rẹpẹtẹ káàkiri ayé jọ ń ṣe ló torí rẹ̀ kọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi sọ ẹ̀ka di ohun fífúyẹ́. Ẹ̀ka inú Git kì í ṣe àdàkọ gbogbo kóòdù yín. Fáìlì kékeré kan ni, nínú àpò .git/refs/heads, nọ́ńbà ìdánimọ̀ commit kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Nínú ibi ìpamọ́ tó ń lo SHA-1, tó jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù, àmì 40 ni nọ́ńbà náà. Bí a bá fi òpin ìlà kún un, ó di byte 41. Ẹ lè ya ọgọ́rùn-ún ẹ̀ka láàárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà yín ò ní mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn tó lo Subversion, tó ṣáájú Git, mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Yíya ẹ̀ka rọrùn níbẹ̀ náà, àmọ́ kó tó di ẹ̀dà 1.5 tó jáde lọ́dún 2008, Subversion kì í rántí ohun tí ẹ ti dà pọ̀ àti ohun tí ẹ ò tíì dà pọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ síbì kan kí ẹ má baà gbàgbé. Ìbẹ̀rù àdàpọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún ẹ̀ka. Git sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ lórí wa, àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀ka bó ṣe wù wá. Ohun tí Git kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe ni kó dín ọjọ́ tí iṣẹ́ ẹni méjì fi ń jìnnà síra wọn kù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyẹn ṣe ń ṣọṣẹ́. Ká ní áàpù kan ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Nínú fáìlì sanwo.py, function kan wà tó ń jẹ́ gba_iye, náírà ló sì ń dá padà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kìíní ya ẹ̀ka láti ṣe rìsíìtì. Ó dá fáìlì tuntun, risiti.py, ó pe gba_iye nínú rẹ̀, ó sì fi àmì ₦ síwájú nọ́ńbà tó bá jáde. Lọ́jọ́bọ̀, ẹnì kejì rí i pé ìṣirò kan ń gé kọ́bọ̀ dànù, ló bá yí gba_iye padà kó máa dá kọ́bọ̀ padà dípò náírà. Ó wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pe function náà lórí main, ìyẹn ẹ̀ka àgbà, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó ṣe ìdánwò, ìdánwò yege, ó dà á pọ̀. Kò lè rí risiti.py, nítorí kò tíì sí lórí main. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kìíní gbé rìsíìtì tirẹ̀ wá. Git kò sọ nǹkan kan, torí kò sí ìlà kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ kàn. Àmì <<<<<<< tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kò yọjú rárá. Oníbàárà tó ra ọjà ₦5,000 bá gba rìsíìtì ₦500,000.

Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló fa wàhálà. Ká ní ẹ̀ka rìsíìtì kò kọjá ọjọ́ méjì ni, yóò ti wà lórí main kó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹnì kejì ì bá sì ti rí i nígbà tó ń wá ibi tó yẹ kó tún ṣe. Ká tún ní wọ́n ní ìdánwò tó ń yẹ iye orí rìsíìtì wò lẹ́yìn gbogbo àdàpọ̀ ni, ìdánwò náà ì bá ti figbe ta. Ọjọ́ orí ẹ̀ka àti ìdánwò tó ṣeé gbára lé: ohun méjì yìí ni gbogbo ìlànà tí a máa sọ̀rọ̀ lé lórí ń bá yí.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà yín tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó lónìí sílẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí àléébù bá yọ nínú wọn, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè.

Bó bá jẹ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù ni ẹ ń kọ́, ẹyọ kan ni. Bí ẹ bá ti gbé tuntun sórí sáfà, òun ni gbogbo ayé ń lò. Bó bá jẹ́ áàpù orí fóònù, ó máa ń dà bíi pé ó pọ̀, nítorí àwọn kan kì í tún áàpù wọn ṣe fún oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀, ẹ kì í sábà tún ẹ̀dà àtijọ́ ṣe fún wọn. Ẹ ó ní kí wọ́n gba tuntun ni. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé kí sáfà yín ṣì lè dá áàpù àtijọ́ lóhùn, ẹ̀ka kọ́ ni oògùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sọ́fítíwíà tí ẹ ń gbé lọ fi sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tàbí ti báńkì ni, tí ọ̀kan wà lórí 2.1, tí èkejì wà lórí 2.4, tí àdéhùn sì wà pé ẹ ó máa tọ́jú méjèèjì, iye ẹ̀dà yín ti lé ní ẹyọ kan, ẹ ò sì lè ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni bó ṣe máa pẹ́ tó kí ẹ tó mọ̀ pé main ti bàjẹ́. Bí ìdánwò bá ń sáré fúnra rẹ̀ lórí gbogbo pull request (ìbéèrè láti da ẹ̀ka kan pọ̀ mọ́ main) tó sì ń parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè máa dà pọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fi ọwọ́ tẹ gbogbo ojú ìwé wò fún ọjọ́ méjì kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó jáde, ó di dandan kí ibì kan wà tí kóòdù ti lè dúró jẹ́ẹ́ fún un. Ẹ má parọ́ fún ara yín lórí ìbéèrè yìí. Bí ìdánwò yín ṣe rí lónìí ni kí ẹ fi yan ìlànà, ẹ fi bó ṣe wù yín kó rí ṣe iṣẹ́ ọ̀la.

Git-flow: ó wúwo, ó sì níbi tó wúlò dé

Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Vincent Driessen tó jẹ́ ará Netherlands kọ àlàyé kan jáde pẹ̀lú àwòrán aláràbarà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì gbé e bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹ̀ka méjì kì í kú nínú ìlànà rẹ̀. Lórí master, gbogbo commit jẹ́ ẹ̀dà tó ti jáde, pẹ̀lú tag àti nọ́ńbà. Lórí develop ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń dà pọ̀ sí. Ẹ̀ka feature máa ń ya láti ara develop, ibẹ̀ náà ló sì ń padà sí. Bí ẹ̀dà tuntun bá fẹ́ jáde, ẹ ó ya ẹ̀ka release láti ara develop, ẹ ó tún àwọn àléébù tó kù ṣe lórí rẹ̀, ẹ ó wá dà á pọ̀ mọ́ master àti develop. Bí iná bá ń jó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ ó ya hotfix láti ara master, òun náà á sì padà sí méjèèjì.

Ẹ wo ibi tí mo ti sọ pé “méjèèjì”. Ibẹ̀ ni ìlànà yìí ti ń gbowó orí rẹ̀. Ní alẹ́ tí oníbàárà ń pariwo, ẹni tó ń ṣe hotfix á dà á pọ̀ mọ́ master, á gbé e jáde, á sì lọ sùn. Develop ò gbọ́ nípa rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ̀dà tuntun jáde láti ara develop, àléébù tí wọ́n ti tún ṣe tún padà wá, oníbàárà sì gbà pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ẹ bá yan git-flow, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ibi yìí. Àṣẹ git log develop..master --no-merges máa ń fi gbogbo commit tó wà lórí master tí kò sí lórí develop hàn yín. Ẹ jẹ́ kó máa sáré láràárọ̀. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kí ẹnì kan gbọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Driessen fúnra rẹ̀ padà wá fi ọ̀rọ̀ kún ohun tó kọ. Ó ní ẹgbẹ́ tó ń gbé sọ́fítíwíà jáde láìdáwọ́dúró, bí irú ti orí wẹ́ẹ̀bù, kí wọ́n lo ohun tó rọrùn ju git-flow lọ. Ẹni tí sọ́fítíwíà rẹ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀dà, tó sì ń tọ́jú ẹ̀dà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, git-flow ṣì lè bá a mu. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń kọ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù, tó sì gbé git-flow rù, agbádá tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn ló wọ̀.

GitHub flow: ẹ̀ka kan, pull request kan, ó parí

Lọ́dún 2011 ni Scott Chacon ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní GitHub nígbà náà. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló wà títí láé, ohunkóhun tó bá sì wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé gbé jáde nígbàkigbà. Master ni orúkọ tí ẹ̀ka yẹn ń jẹ́ nígbà náà, main ló wọ́pọ̀ fún un báyìí. Bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ń lọ nìyí:

git switch main
git pull
git switch -c tun-risiti-se

Ẹ ṣe iṣẹ́ yín, ẹ ṣe commit, ẹ wá tì í lọ sókè:

git push -u origin tun-risiti-se

Ẹ ṣí pull request, ìdánwò á sáré, akẹgbẹ́ yín kan á kà á, ẹ ó dà á pọ̀, ẹ ó gbé e jáde, ẹ ó sì pa ẹ̀ka náà rẹ́. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lónìí lè mọ̀ ọ́n kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kékeré nìyẹn.

Ibi tó ti ń di ni ìdúró de ẹni tó máa kà á. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé kóòdù tí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin kọ máa ń fi ọjọ́ mẹ́rin dúró de olùyẹ̀wò, kí olówó rẹ̀ sì tó mọ̀, main ti kúrò níbi tó fi í sí. Òfin méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún èyí. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí iṣẹ́ láàárọ̀ kọ́kọ́ ka pull request tó wà nílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Èkejì, kí pull request kéré. Ẹni tí ẹ gbé ìlà 150 síwájú rẹ̀ á kà á, á sì béèrè ìbéèrè; ẹni tí ẹ gbé ìlà 2,000 síwájú rẹ̀ á yí i sókè-sódò, á ní “ó dára”, á sì tẹ bọ́tìnnì. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́: ẹ kọ́kọ́ mú àyípadà sínú database wá, kí function tí kò tíì sí ẹni tó ń pè é tẹ̀ lé e, kí ojú ìwé tuntun wá gbẹ̀yìn.

Ewu kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń dàgbà máa ń bá pàdé. Pull request méjì lè yege lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì ba main jẹ́ nígbà tí wọ́n bá pàdé, bíi ti rìsíìtì wa lókè. Àwọn tó ń kọ èdè Rust ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bors yẹra fún un: bors á kọ́kọ́ da iṣẹ́ tuntun pọ̀ mọ́ ẹ̀ka àgbà bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn, á ṣe ìdánwò àdàpọ̀ náà, bó bá yege ló tó máa jẹ́ kí ẹ̀ka àgbà lọ síwájú. GitHub àti GitLab náà ti ní irú rẹ̀ báyìí. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kò nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni ogún tí main rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti pẹ́ jù kó tó lò ó.

Ṣíṣe iṣẹ́ lórí main gan-an

Àwọn kan lọ jìnnà ju èyí lọ. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn da iṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́ main, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹ̀ka, bó bá tilẹ̀ wà, má sun mọ́jú. Bí Google ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nínú ohun tí Rachel Potvin àti Josh Levenberg kọ jáde lọ́dún 2016, bíi bílíọ̀nù méjì ìlà kóòdù ló wà nínú ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ní Google ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ẹgbẹ̀rún 25 ẹnjiníà ló sì ń lò ó. Orí ẹ̀ka àgbà ni iṣẹ́ ti ń lọ, wọ́n kì í ya ẹ̀ka fún iṣẹ́ tuntun. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀dà jáde ni wọ́n ń ya ẹ̀ka. Ìwé Accelerate tí Nicole Forsgren, Jez Humble àti Gene Kim gbé jáde lọ́dún 2018 náà rí i pé ẹ̀ka tó wà láàyè lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa jù kì í pé mẹ́ta, ẹ̀ka wọn kì í sì í pẹ́ kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má ṣe torí pé Google ń ṣe é kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Google ní ìdánwò aládàáṣe rẹpẹtẹ, ó sì lófin pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ka kóòdù kó tó wọlé. Ẹni tí kò ní ìdánwò, tó wá ń ti iṣẹ́ tí kò tíì parí sórí main lójoojúmọ́, ìdààmú ló ń pín fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀.

Báwo wá ni iṣẹ́ tó máa gba oṣù kan ṣe lè máa wọ main lójoojúmọ́ kí oníbàárà má rí i? Swíìṣì ni wọ́n ń fi sínú kóòdù, èyí tí wọ́n ń pè ní feature flag. Kóòdù tuntun wà níbẹ̀, ó ti lọ sórí sáfà, ṣùgbọ́n swíìṣì rẹ̀ wà ní pípa. Bó bá parí, ẹ ó tàn án fún àwọn òṣìṣẹ́ yín, ẹ ó tàn án fún oníbàárà díẹ̀, ẹ ó wá tàn án fún gbogbo èèyàn. Ẹ lè pa á padà láìtún gbé kóòdù jáde, ìyẹn sì dùn mọ́ni lóru.

Àmọ́ swíìṣì tí kò sẹ́ni tó yọ ọ́ máa ń di gbèsè. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2012, Knight Capital, tó ń ra tó ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé kóòdù tuntun sórí sáfà 8. Ó dé orí 7, kò dé orí ìkẹjọ. Kóòdù tuntun náà ń lo flag kan tó ti jẹ́ ti kóòdù àtijọ́ kan nígbà kan rí, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2003 láìyọ ọ́ kúrò. Nígbà tí flag náà tàn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, sáfà kẹjọ jí kóòdù àtijọ́ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là ti wọgbó. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá dá swíìṣì sílẹ̀ ni kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa yọ ọ́ sílẹ̀, kí orúkọ ẹni tó máa yọ ọ́ sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe lo orúkọ swíìṣì kan lẹ́ẹ̀mejì láéláé.

Bí ẹ̀dà yín bá ju ẹyọ kan lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ka ẹ̀dà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí bébà, ẹ wo bí Python ṣe ń ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tuntun ń lọ lórí main. Láti ìgbà 3.9, ẹ̀dà tuntun ń jáde lọ́dọọdún ní oṣù Kẹwàá, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tirẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ nọ́ńbà rẹ̀: 3.12, 3.13, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan; ní apá ìkẹyìn ìgbà náà, àtúnṣe lórí ààbò nìkan ló ń wọlé. Bí àléébù bá yọ, main ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tún un ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi cherry-pick gbé commit náà lọ sórí ẹ̀ka àwọn ẹ̀dà tó ṣì wà láàyè.

Main àkọ́kọ́, ẹ̀dà àtijọ́ lẹ́yìn: ètò yẹn ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó bá tún un ṣe lórí ẹ̀ka oníbàárà kọ́kọ́ máa ń gbàgbé main, àléébù náà á sì dúró de oníbàárà nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ń ṣe cherry-pick, ẹ fi -x sí i. Git á kọ nọ́ńbà commit àkọ́kọ́ sínú ọ̀rọ̀ commit tuntun, ẹni tó bá ń wádìí lọ́dún tó ń bọ̀ á sì mọ ibi tó ti wá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìtọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa dópin síbi tí oníbàárà á ti rí i. Láìsí ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀dà tí ẹ bá gbé jáde ni ẹ ó máa tọ́ bí ọmọ títí ayé.

Linux fúnra rẹ̀ fi àkókò ṣe ìlànà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Torvalds máa ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé lọ́dọ̀ àwọn alábòójútó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ó wá tilẹ̀kùn, àtúnṣe àléébù nìkan ló sì ń gbà lẹ́yìn náà, tí rc (ẹ̀dà àdánwò) kan ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí ẹ̀dà tuntun á fi jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí kò bá tíì tó gbé wọlé á dúró de ìlẹ̀kùn tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń gbé sọ́fítíwíà jáde lóṣù méjì-méjì lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, pàápàá lórí bí a ṣe ń sọ fún ọ̀gá pé ìlẹ̀kùn ti tì.

Ìlànà kan tí n kò fara mọ́

Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń ní ẹ̀ka mẹ́ta: dev, staging, production, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sáfà kan. Iṣẹ́ á gun orí àkàbà láti ọ̀kan dé èkejì nípa àdàpọ̀. Lójú, ó létò. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan á tún nǹkan ṣe tààrà lórí staging, ẹlòmíràn á fi cherry-pick gbé iṣẹ́ kan fo staging lọ sí production, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà yẹn, ohun tí ẹ dán wò lórí staging kọ́ ni ohun tí ẹ gbé fún oníbàárà. Ẹ kọ́ sọ́fítíwíà yín lẹ́ẹ̀kan láti ara commit kan, kí ẹ gbé ohun kan náà láti sáfà ìdánwò lọ sí ti oníbàárà, kí ètò inú fáìlì ìṣètò nìkan yàtọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń dá ìjà sílẹ̀

Squash tàbí rárá? Bí àwọn commit inú ẹ̀ka yín bá jẹ́ “mo tún un ṣe”, “mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i”, ẹ fi squash sọ wọ́n di ẹyọ kan nígbà àdàpọ̀. Bí ẹ bá máa ń kọ commit tó dá dúró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, git bisect, tó ń wá commit tó ba nǹkan jẹ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe rebase ẹ̀ka tí ẹlòmíràn ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsọ fún un.

Ohun kan wà tó ń mú àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá. Bí ẹ bá fi git revert -m 1 fagi lé àdàpọ̀ kan, tí ẹ padà sórí ẹ̀ka náà, tí ẹ tún àléébù rẹ̀ ṣe, tí ẹ sì tún un dà pọ̀, àtúnṣe tuntun nìkan ló máa wọlé. Iṣẹ́ àtijọ́ kò ní padà, nítorí lójú Git, àwọn commit yẹn ti wà nínú main tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fagi lé ìfagilé yẹn kí ẹ tó dà á pọ̀.

Ní tàwa tí iná àti dátà kì í fìgbà gbogbo wà lọ́dọ̀ wa, Git ṣe wá lóore: commit, ẹ̀ka, log àti diff kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ewu rẹ̀ ni pé èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́ láìti nǹkan kan sókè, nítorí pé ó ń ṣọ́ dátà lò. Ohun tuntun nìkan ni git push ń rán lọ, kì í sábà jẹ dátà. Git clone àti gbígba àwọn ohun èlò sílẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ fi --filter=blob:none sí clone fún ibi ìpamọ́ ńlá, àmọ́ ẹ mọ̀ pé irú clone bẹ́ẹ̀ máa ń nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tó wà nínú fáìlì àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa ti iṣẹ́ wọn sókè kí wọ́n tó pa kọ̀ǹpútà lálẹ́, ìbáà jẹ́ ààbọ̀ iṣẹ́.

Kí ẹ tó dìde níbi ìpàdé

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá yàn sínú CONTRIBUTING.md, kó má ju ojú ìwé kan lọ: ibi tí ẹ̀ka ti ń ya, orúkọ tó ń jẹ́, ọjọ́ tó lè lò, ẹni tó ń kà á, bí hotfix ṣe ń rìn. Ẹ wá lọ sínú ètò ibi ìpamọ́ yín, ẹ tilẹ̀kùn main kí ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin ọ̀gá, má lè ti kóòdù sórí rẹ̀ láìsí pull request àti ìdánwò tó yege.

Bí ẹ ò bá tíì ní ìlànà kankan, tí ẹ̀dà kan ṣoṣo sì ni àwọn èèyàn ń lò, GitHub flow ni mo ní kí ẹ mú, kí ẹ̀ka kankan má lò ju ọjọ́ méjì lọ. Ọjọ́ tí oníbàárà kan bá ní àdéhùn pé òun á dúró sórí ẹ̀dà àtijọ́ ni kí ẹ ya ẹ̀ka ẹ̀dà fún un, kì í ṣe ṣáájú. Tí ẹ bá ti ní ìlànà, ẹ lo àṣẹ yìí lónìí:

git for-each-ref --sort=committerdate refs/remotes

Ẹ̀ka tó ti pẹ́ jù lọ tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ dà á pọ̀ tàbí kí ẹ pa á rẹ́.